Disk ni kí ẹ náwó sí: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀

Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbí pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kékeré kan ni mo fi ń ṣe server nínú ilé mi ní Ìbàdàn, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ka tọ̀hún: server tí mo ń wí kò ju kọ̀ǹpútà kan tí a kì í pa lọ. Òun ló ń tọ́jú fọ́tò, orin, fíìmù àti ìwé gbogbo ará ilé. Fóònù àti laptop kálukú ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi, a kì í sì í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóṣooṣù nítorí rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rí ojúlówó server kan ní Computer Village ní Ìkẹjà, Dell PowerEdge R710, ràámù rẹ̀ jẹ́ 72GB. Owó tí wọ́n ń tà á kò tó ti laptop. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n rà á kíákíá kí ẹlòmíràn tó gbé e. Kí ni ẹ rí sí i?

Àbúrò mi, má rà á. Mo mọ bí irin ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe ń wuni, pàápàá nígbà tí èèyàn bá rí ràámù 72GB ní owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè fún ọ lọ́jà kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. 2009 ni R710 jáde. Bí kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ kankan, ó lè máa jẹ iná tó 150 watt, àwọn fáànù inú rẹ̀ yóò sì máa hó tọ̀sán-tòru nínú yàrá kan náà tí o ti ń sùn tí o ti ń kàwé.

Jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. 150 watt fún wákàtí 24, fún ọgbọ̀n ọjọ́, yúnìtì 108 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni wọ́n fi lé yúnìtì kan. Iye náà ti yí padà láti ìgbà yẹn, àmọ́ bí a bá fi ṣe òṣùwọ̀n, ₦24,300 ni server yìí yóò máa gbà lọ́wọ́ rẹ lóṣù. Kọ̀ǹpútà kékeré tí èmi ń lò kì í jẹ ju nǹkan bí 10 watt lọ nígbà tí iṣẹ́ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Yúnìtì 7.2 ni ìyẹn lóṣù, ₦1,620.

Iná NẸ́PÀ la ṣì ń sọ o. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́? Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, watt 2,400 fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ni kí o lò bí o kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Kọ̀ǹpútà kékeré pẹ̀lú router yóò lò ó ju ọjọ́ kan lọ. R710 yóò ti fà á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o wá ni àwọn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí àwọn ọ́fíìsì máa ń so mọ́ ẹ̀yìn monitor: Lenovo ThinkCentre M710q, HP EliteDesk 800 G3 Mini, Dell OptiPlex 7050 Micro. Wọ́n ti ń wọ ọjà dáadáa báyìí, ó sì ní ìdí. 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 kì í sì í gba processor Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí kò tó ìran kẹjọ, àfi díẹ̀. Ìran kẹfà àti ìran keje ló wà nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń palẹ̀ wọn mọ́ nígbà tí ara wọn ṣì le koko. Linux, ètò tí a ń fi sí ipò Windows, kò bìkítà nípa ìran. Debian 13, oríṣi Linux kan tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, ń ṣiṣẹ́ lórí wọn láìkọsẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ka nọ́ńbà processor dáadáa kí o tó sanwó. Bí ó bá parí sí T, bíi i5-7500T, èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ nìyẹn, 35 watt ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá fẹ́ máa fi Jellyfin, software tó ń gbé fíìmù àti orin jáde láti inú server, wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n ilé, gba ìran keje. Ó ń tú fíìmù tí wọ́n fún pọ̀ ní HEVC 10-bit fúnra rẹ̀, èyí tí ìran kẹfà ń tiraka láti ṣe. Béèrè ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú: 20V ni ti Lenovo, 19.5V ni ti HP àti Dell. Má ṣe gba èyí tí ẹnu rẹ̀ kàn wọlé.

Lẹ́yìn tí o bá gbé e délé, wọ inú BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, kí o wá ibi tí wọ́n kọ After Power Loss sí. AC Recovery ni Dell ń pè é. Yí i sí Power On. Bí iná bá lọ tó bá dé ní aago méjì òru, kọ̀ǹpútà náà yóò tan ara rẹ̀, ìwọ yóò sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ní ilẹ̀ wa níbí, èmi kò mọ ìyípadà kan nínú BIOS tó wúlò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ayàwòrán òde ìnáwó ni mí ní Òṣogbo. Mo ra disk àlòkù 4TB méjì, ẹni tó tà á fún mi ní ó ń dún bí tuntun. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe RAID 1 kí ọkàn mi lè balẹ̀ lórí fọ́tò àwọn oníbàárà mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló dáa?

Ẹ má tíì jẹ́ kí ó balẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé, nítorí pé ọwọ́ yín ni ọjọ́ ayọ̀ àwọn ẹlòmíràn wà.

Bí processor bá jó, ẹ ó ra òmíràn. Bí ràámù bá bàjẹ́, òmíràn wà lọ́jà. Fọ́tò ibi tí bàbá ìyàwó ti ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, tí bàbá náà sì ti lọ sọ́run báyìí, ọjà wo ni a ó ti rà á? Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń rí ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé processor i7, tó wá lọ ra disk tí kò mọ ibi tó ti wá. Èmi ò lójútì láti ra gbogbo nǹkan ní tòkunbọ̀. Disk tí iṣẹ́ ń gbé lórí nìkan ni mo máa ń ra tuntun. Èyí tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ̀dà ni mo ń fi pamọ́ sórí rẹ̀.

RAID ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. RAID 1 máa ń kọ fáìlì kan náà sórí disk méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. Ibi tí àǹfààní rẹ̀ mọ nìyẹn. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá ṣèèṣì pa fódà ìgbéyàwó kan rẹ́, orí disk méjèèjì ló ti pa á rẹ́. Bí NẸ́PÀ bá gbé iná tó le jù wá, inú àpótí kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Bí olè bá gbé àpótí náà, ó ti gbé méjèèjì lọ.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan lórí disk tí ẹ ó máa so mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ẹ ó yọ kúrò lẹ́yìn tó bá ti parí, kí iná má baà bá a níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e fún ẹbí yín kan tí ilé rẹ̀ jìnnà díẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ lo software restic láti fi ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti gbogbo rẹ̀ pa, ẹni tó bá jí disk náà kò ní rí fọ́tò ìyàwó oníyàwó níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú fódà kan, kí ẹ gbìyànjú láti dá a padà láti inú ẹ̀dà. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò rí, èmi kò kà á sí ẹ̀dà.

Ó wá ku disk méjì tí ẹ ti rà. Dídún kì í ṣe ẹ̀rí. Disk kọ̀ọ̀kan ń kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sínú ara rẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi software smartmontools sórí Linux yín, kí ẹ tẹ sudo smartctl -a /dev/sda, kí ẹ wá fara balẹ̀ ka ìlà mẹ́rin. Reallocated_Sector_Ct, Current_Pending_Sector àti Offline_Uncorrectable: òdo ni mo fẹ́ rí níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí Pending bá ti ju òdo lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Ìkẹrin ni Power_On_Hours, iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Bí ẹ bá rí 40,000, disk náà ti yí fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀ láìsinmi. Ìyẹn nìkan kò ní kí ẹ jù ú nù, àmọ́ kò yẹ ní ibi tí fọ́tò kan ṣoṣo bá wà.

Wọ́n lè parọ́ sórí wákàtí yìí pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn oníròyìn kan ní Jámánì tú u fó pé wọ́n ń ta disk Seagate àlòkù bíi tuntun, lẹ́yìn tí àwọn kan ti pa wákàtí SMART rẹ̀ rẹ́. Ohun tó tú àṣírí wọn ni àkọsílẹ̀ mìíràn nínú disk náà tó ń jẹ́ FARM, tí wọn kò rántí láti pa. Bó bá jẹ́ Seagate ni tiyín, ẹ tẹ sudo smartctl -l farm /dev/sda, kí ẹ fi wákàtí ibẹ̀ wé ti SMART. smartctl 7.4 sókè ló ń ṣe é. Bí wọn kò bá bára wọn mu, ẹ ti mọ irú ẹni tó ta ọjà fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ sudo smartctl -t long /dev/sda, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ka disk náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí púpọ̀ ni yóò gbà lórí 4TB, nítorí náà, ọjọ́ tí iná bá dúró ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra fúláàṣì tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí wọ́n ń tà lójú títì. Orúkọ lásán ló wà lára rẹ̀. Bí fáìlì bá ti kọjá ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, yóò máa kọ èyí tuntun lé èyí tó ti wà, kò sì ní sọ fún yín. Software f3 ni a fi ń dá wọn mọ̀. Yóò kọ nǹkan kún inú rẹ̀, yóò sì kà á padà.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n. Ojú ThinkPad T480 mi fọ́, owó ojú tuntun pọ̀ jù fún mi. Ṣé mo lè fi ṣe server? Láti Àkúrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dáa ju bí o ṣe rò lọ. Bátìrì méjì ló wà nínú T480, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tó ṣe é yọ. Bí iná bá lọ, kò ní mọ̀ pàápàá. Fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí tí wàá fi gbé Linux sí i tán. Nínú /etc/systemd/logind.conf, kọ HandleLidSwitch=ignore, kí ó má baà sùn nígbà tí o bá pa á dé. Lẹ́yìn náà, fi software TLP sí i, kí o fi dá gbígba iná bátìrì dúró sórí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì tó ń wà ní ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́ nínú ooru ilé wa yóò wú. Tí o bá rí i pé ìdí laptop náà ti ń yọ sókè tàbí pé bọ́tìnì touchpad ti le láti tẹ̀, yọ ọ́ kúrò lára iná, má ṣe gún un, má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà. Ìgbà ọyẹ́, nu fáànù rẹ̀ dáadáa.

Fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra laptop fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ wọ BIOS rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni náà kò mọ̀, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè kékeré láti Abẹ́òkúta: Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà mi máa ń padà sí ọdún 2017, Google á wá sọ pé ìsopọ̀ náà kò ní ààbò. Ṣé kòkòrò ni?

Kì í ṣe kòkòrò. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ CR2032 lórí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló ti kú. Àwọn tó ń ta aago ní i. Ìwé ẹ̀rí tí Google ń fi hàn ní déètì lórí, ọdún 2017 sì ti wà ṣáájú kí wọ́n tó kọ ìwé náà. Yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lára iná kí o tó pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì tún wo After Power Loss lẹ́yìn náà, nítorí pé BIOS lè ti gbàgbé ohun tí o yàn.

Ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ilé-ìwé wa ní kọ̀ǹpútà díẹ̀, ṣùgbọ́n owó dátà kò sí. Kí ni a lè fi wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ?

Olùkọ́, ẹ wá Kiwix. Gbogbo Wikipedia ni ẹ ó fi sórí disk, àwọn ọmọ yóò sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju 100GB lọ, disk SSD 256GB yóò gbà á. Ti Yorùbá kéré púpọ̀ sí ìyẹn, ẹ gbé òun náà sí i. Ẹ wá ẹnì kan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó le ní ìlú kó bá yín gbà á sílẹ̀. Ẹ so kọ̀ǹpútà kan mọ́ router lásán tí kò ní káàdì SIM nínú, kí ẹ ṣí kiwix-serve lórí rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù bá a sọ̀rọ̀. Kò sí dátà tí yóò jẹ. Bí ẹ bá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, wọn yóò rí ibi tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì yín. Ẹ kọ̀wé sí mi tí ẹ bá ti rí router. Ó wù mí láti wá bá yín tò ó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Peckham ní London ni mo ń gbé. Bàbá mi tó ti lọ fi kásẹ́ẹ̀tì tó kún páálí kan sílẹ̀ ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó: ohùn ìyá wọn tó ń ki oríkì, ìpàdé ẹbí, ìwàásù. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà nínú ilé náà. Mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ mi lè máa gbọ́ wọn láti ibí. Ẹnì kan ní kí a ṣí port lórí router, a ṣe é, kò ṣiṣẹ́.

Bàbá yín ṣe ohun ńlá. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kọ̀ǹpútà náà, ẹ rà á ní London. Àwọn M710q wọ̀nyẹn pọ̀ níbẹ̀, iná ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ 230V, páálọ́gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ń lò níbẹ̀ yóò wọ ògiri ilé yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Port, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ẹ ṣí lórí router kí ẹ lè wọlé láti òde, kò ṣiṣẹ́ nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wa kì í sábà fún ilé kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìmọye ilé ni wọ́n ń kó sẹ́yìn àdírẹ́sì kan. Bí ẹ bá wo inú router tí ẹ sì rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, bẹ́ẹ̀ ló rí nìyẹn. Bákan náà ni Starlink ń ṣe tirẹ̀ bí ẹ kò bá san owó pàtàkì. Ẹ tilẹ̀ dúpẹ́ pé kò ṣiṣẹ́, nítorí pé port tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ayé ló ń kàn án. Ẹ fi Tailscale, software tó ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, sórí kọ̀ǹpútà náà àti sórí fóònù àwọn ọmọ. Orí WireGuard, ọ̀nà ìsopọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan, ni wọ́n kọ́ ọ lé, èyí tó wọ inú Linux gan-an ní 2020. Láti ilé ni yóò ti na ọwọ́ síta, kò nílò port, ẹlòmíràn kò sì lè yọjú síbẹ̀.

Ẹ má ronú fídíò. Fídíò 5 Mbps fún wákàtí kan yóò jẹ 2.25GB nínú dátà àbúrò yín. Ohùn lásán tí a fún pọ̀ ní Opus 32 kbps, nǹkan bí 14MB ni fún wákàtí kan. Ẹ fi Jellyfin gbé e jáde.

Fún gbígba ohùn náà, rẹ́kọ́dà tó dáa ni kí àbúrò yín wá, kí ó fi òwú àti sípíríìtì nu irin kékeré inú rẹ̀ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, kí ó gbà á gba inú Behringer UCA202, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà, tàbí irú rẹ̀ wọ software Audacity. Kásẹ́ẹ̀tì C90 jẹ́ ìṣẹ́jú 45 lójú kan. Ní 44.1 kHz, 16-bit, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí 635MB. FLAC yóò dín in kù sí ìdajì láìgé ohùn kankan. FLAC yìí ni kí ẹ pa mọ́ bí ojúlówó, ẹ̀dà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òmíràn lọ́dọ̀ yín ní Peckham, kí Opus jẹ́ ti gbígbọ́ lásán. Kí ó tó fi ìkankan sínú rẹ́kọ́dà, kí ó ṣẹ́ eyín pílásítíìkì kékeré méjì tó wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé ohùn ìyá àgbà lórí. Ti oríkì ni kí ó kọ́kọ́ ṣe.

Kí ó máa kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá dá mọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn àgbà tó ṣì wà sọ fún yín.